Àwọn Fíìmù Bbosa Eléèédú

Mi ò fẹ́ràn Bbosa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn lélẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tán kó wá máa sọ fún mi pé, "Kawooya, ó jọ pé ẹ̀yin méjèèjì ti wá rẹ́." A ò rẹ́. Bí mo bá rí i lójú títì Nyendo lónìí, òdìkejì ni mo máa gbà, òun náà á sì tutọ́ sílẹ̀ kó tó kọjá. Bó ṣe rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì máa rí.

Èédú ló ń tà. Ojú rẹ̀ dúdú fún èédú, èékánná rẹ̀ dúdú fún èédú, ibi tó bá sì jókòó sí lórí bẹ́ńṣì ilé fíìmù wa, bí o bá wọ ṣòkòtò funfun, má dé ibẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ, ó gbẹ, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò gbẹ. Bó bá sọ̀rọ̀ níwájú ilé, ẹni tó ń din ṣapátí lẹ́yìn ilé á dáhùn. Láti ọ̀sán tí Hájì, ọ̀gá wa, bá ti ṣí ilẹ̀kùn ni Bbosa á ti wọlé, á fi àwọn àpò èédú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jí wọn, á jókòó sí bẹ́ńṣì iwájú, láàárín gan-an, kò ní dìde àfi bí wọ́n bá pa tẹlifíṣọ̀n. Ilé ara rẹ̀ tí kò jìnnà sí wa, koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹnu ọ̀nà ibẹ̀.

Hájì Ssemwanga ló ni ilé fíìmù yẹn, lẹ́yìn ọjà Nyendo, ní Masaka. Ilé páànù ni. Tẹlifíṣọ̀n ńlá wà níwájú, bẹ́ńṣì pákó ló kún inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sì ni àpótí kékeré kan wà tí mo máa ń jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú máìkì. Èmi ni Vijéè. Fíìmù tí wọ́n fi Òyìnbó ṣe, tàbí ti Íńdíà, tàbí ti Ṣáínà, bó bá ṣe ń lọ lójú tẹlifíṣọ̀n ni èmi náà á máa sọ ọ́ ní Luganda, èdè wa, màá di ọkùnrin, màá di obìnrin, màá di ẹṣin pàápàá bí ẹṣin bá bínú. Kò sẹ́ni tó ń wo fíìmù láìsí Vijéè lọ́dọ̀ wa. Wọn kì í béèrè pé fíìmù wo lẹ máa fi lónìí. Wọ́n á ní, ta ló máa sọ ọ́?

Kampala ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé ohun tí ẹni inú fíìmù bá sọ, òun náà ni kí n sọ, kí n má yọ ọ́, kí n má fi kún un. Mo gbọ́ Òyìnbó dáadáa, mo sì mọ̀ pé mo gbọ́ ọ. Àṣé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Nyendo. Ẹni tó wà nínú àpótí yẹn kí n tó dé ni Mpagi, Bàbá Ìbejì. Ikọ́ ló pa á. Mpagi kì í jẹ́ kí Òyìnbó kankan jẹ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ àdúgbò ló ń fún gbogbo wọn. Ọlọ́pàá tó bá sanra nínú fíìmù, Hájì ni. Olè tí wọ́n bá mú, ẹni tó bá yọ́ wọlé láìsanwó lọ́jọ́ náà ni. Bí wọ́n bá jọ ń sá lórí òkè yìnyín, Mpagi á ní ọ̀nà Bukakata ni wọ́n gbà. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín títí bẹ́ńṣì á fi dà wọ́n nù.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, fíìmù onímàlúù ni Hájì gbé sí i. Ọkùnrin Òyìnbó kan ló gbé ìyàwó rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, wọ́n ń lọ sí ilẹ̀ tí wọn ò dé rí kí wọ́n lè dáko. Ó pẹ́ lójú ọ̀nà. Obìnrin náà ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: "Jọ̀ọ́, fún mi lómi mu."

Ohùn kan bú jáde níwájú. "Irọ́ ni!"

Mo rò pé ọ̀mùtí ni. Mo ń bá tèmi lọ. Bbosa dìde, ó kọjú sí àpótí mi, ó fi ẹ̀yìn bo tẹlifíṣọ̀n.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Irọ́ lo pa."

"Bàbá, kí ni irọ́ níbẹ̀?"

"Kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn."

"Ohun tó sọ gan-an ni. Òyìnbó ló sọ, mo sì gbọ́ Òyìnbó."

"Ta ló bi ẹ́ léèrè Òyìnbó? Bó bá jẹ́ Òyìnbó ni mo wá gbọ́, ṣé ọ̀dọ̀ ìwọ tí ẹnu rẹ ṣì ń rùn fún ọmú ìyá rẹ ni màá wá?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi tí mo gbàgbé ohun tí obìnrin inú fíìmù sọ tẹ̀lé e. Bbosa pòṣé, ó jáde, gbogbo bẹ́ńṣì iwájú sì tẹ̀ lé e, àwọn àgbà alápatà àti àwọn awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé iná ló ń jó níta, àwọn náà sáré jáde. Ó wá ku èmi, màlúù, àti Òyìnbó méjì.

Láti ọjọ́ náà ló ti di ìjà. Bí mo bá la ẹnu, Bbosa á pòṣé. Bí mo bá fi obìnrin sọ̀rọ̀, á fi ọwọ́ di etí. Ó máa ń dá àwọn èèyàn lẹ́kun ẹ̀rín: "Kí lẹ̀ ń rín? Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín nínú ohun tí ewúrẹ́ yìí sọ?" Ẹ̀rín á sì tán lẹ́nu wọn. Mo kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn. Mo máa ń jí láàárọ̀ kí n tó fọ ẹnu, màá ti máa ronú ohun tí mo bá fẹ́ sọ fún un bí kì í bá ṣe pé ó dàgbà jù mí lọ.

Lọ́jọ́ kan mo bá a nídìí ìkòkò tíì Nanteza, obìnrin tó ń ta tíì àti ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo ní kí n fi sùúrù bi í. Mo jókòó, mo ní, "Bàbá Bbosa, ẹ jọ̀ọ́, fíìmù wo gan-an lẹ fẹ́ràn? Ẹ sọ fún mi, kí n lọ wá a."

Kò wò mí. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀. "Mẹ́ta ni. Ìyókù, ẹ fi dáná."

"Mẹ́ta péré nínú gbogbo fíìmù ayé?"

"Ṣé o fẹ́ gbọ́ ni àbí o fẹ́ kà á? Èkíní, ti Íńdíà, ti obìnrin tó ń fún wàrà. Ọkọ rẹ̀ wé láwàní pupa mọ́rí, ó fẹ́ lọ bá àwọn ọlọ́ṣà jà. Obìnrin náà gbé garawa wàrà, ó dà á lé e lórí. Ó ní bó bá fẹ́ kú kó lọ kú, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbá ilẹ̀ ilé màlúù tó ti ní òun máa gbá láti ìgbà òjò. Ó gbá a! Pẹ̀lú wàrà lójú! Lẹ́yìn náà ló lọ pa àwọn ọlọ́ṣà."

"Orin inú rẹ̀ dùn," ni mo sọ.

"Bí wọ́n bá ti ń kọrin èmi a lọ tọ̀. Èkejì, ti Ṣáínà. Obìnrin kan ń ta oúnjẹ, àwọn ọkùnrin onídà wá jà nínú àgbàlá rẹ̀. Ó jáde sí wọn pẹ̀lú síbí ọbẹ̀. Ó ní ìyá wo ló bí yín tí kò kọ́ yín pé èèyàn kì í jà níbi tí àwo wà? Wọ́n fi idà há abíyá, wọ́n ń kó àwo." Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó rántí pé èmi ni mo jókòó tì í, ó gbé e mì. "Ẹ̀kẹta, èyí tí o bà jẹ́."

"Ti onímàlúù? Àmọ́ obìnrin inú ìyẹn kì í bú ẹnikẹ́ni, Bàbá. Onísùúrù ni. Àdúrà ló ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tó fi kú."

"Lẹ́nu tìẹ nìyẹn. Lẹ́nu Mpagi, kò gbàdúrà rí."

"Fíìmù ogun ńkọ́? Gbogbo ayé ló fẹ́ràn ìbọn."

"Ìbọn kì í sọ̀rọ̀. Ariwo lásán ló ń pa. Fíìmù tí obìnrin ò bá ti fi ẹnu bọ ọkùnrin láṣọ nínú rẹ̀, ìpolówó ọṣẹ ni."

Inú bí mi. Mo ní, "Kì í ṣe fíìmù lẹ fẹ́ràn nígbà yẹn. Èébú lẹ fẹ́ràn."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀? Wọ́n sì ní o kàwé." Ó da ìyókù tíì sílẹ̀, ó ku díẹ̀ kó kán sí mi lẹ́sẹ̀. "Ohùn rẹ dà bíi ti ẹni tó ń kéde òkú lórí rédíò. Padà sí Kampala. Nyendo kò gbà ẹ́."

Ìyẹn kò dùn mí tó ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Hájì pè mí sẹ́yìn ilé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Hájì, kì í bú èèyàn. Á kàn rọra sọ fún ọ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, á sì bèèrè àlàáfíà ìyá rẹ.

"Kawooya, àwọn àgbà bẹ́ńṣì iwájú ní kí n tún fi fíìmù onímàlúù yẹn. Màá fi í lọ́sàn-án Sọ́ńdè."

"Kò burú, Hájì."

"Ó lè burú. Bí Bbosa bá tún kó bẹ́ńṣì iwájú jáde, gbé máìkì kalẹ̀ fún mi. Ọkùnrin kan wà ní Mbarara tó ń fẹ́ àpótí yẹn. Má bínú. Ìyá ńkọ́?"

Mo dáhùn pé ara ìyá le. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Mi ò lè ru ẹrù, mi ò lè tajà, bí mo bá gun ọ̀kadà mo máa ń ṣubú. Ohùn nìkan ni Ọlọ́run fún mi, inú àpótí yẹn nìkan sì ni ohùn náà ti wúlò. Mo fẹ́ràn àpótí yẹn ju ohunkóhun tí mo ní lọ, eléèédú kan sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi nítorí pé obìnrin Òyìnbó kan bèèrè omi pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Mo lọ fi ìbínú mi jókòó nídìí tíì. Mo ń ṣépè. Nanteza ń wò mí, ó ń ṣa ẹ̀pà nínú atẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ Kampala," ló sọ, "ẹ gọ̀ o. O ò tiẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Kí ni kí n bèèrè, Màmá?"

"Ta ló máa ń jókòó ti Bbosa lórí bẹ́ńṣì yẹn tẹ́lẹ̀? Bèèrè ìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ ni. Nakabugo. Nanteza ní òun kò rí irú ẹnu bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Bó bá jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n, á bú ọlọ́ṣà, á bú ọlọ́pàá, á bú Hájì nítorí páànù tó ń jò, á wá kọjú sí ọkọ rẹ̀, á bú u délẹ̀. Bbosa náà kì í dákẹ́. Mpagi gbọ́ èébú náà títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sẹ́nu àwọn obìnrin inú fíìmù. Obìnrin Íńdíà á la ẹnu, Nakabugo ló máa jáde. Ọkọ rẹ̀, oníláwàní pupa tàbí onídà, Bbosa ni. Nakabugo fúnra rẹ̀ á dìde, á máa bá ara rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn èèyàn ń ti Villa Maria lọ́hùn-ún wá gbọ́ ọ.

"Ló bá di àárọ̀ ọjọ́ kan," Nanteza ní, "ó jí, ẹnu rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀. A gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹnu yẹn, Kawooya, ẹnu Nakabugo, kò sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ títí ó fi kú. Àmọ́ ojú rẹ̀ ń wo Bbosa. Ó ń wò ó ṣáá. O máa mọ̀ pé ó fẹ́ sọ nǹkan fún un, ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde. Bbosa ní èébú ni. Ó ní òun mọ ojú yẹn, èébú ló wà níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ ni òun kò mọ̀."

Nanteza da èèpo ẹ̀pà nù.

"Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Mpagi fi fíìmù onímàlúù yẹn. Níbi tí obìnrin náà ti ń kú létí odò, Mpagi fi èébú kan sí i lẹ́nu. Bbosa mi orí. Ó ní, 'Kì í ṣe ìyẹn.' Nígbà tí wọ́n tún fi í, Mpagi fi òmíràn sí i. Bbosa ní kì í ṣe ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá a títí ikọ́ fi pa Mpagi. Ìwọ wá dé, o ní kí Nakabugo máa gbàdúrà."

Ẹ máa retí kí n sọ pé àánú Bbosa ṣe mí. Ó ṣe mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ inú tún bí mi sí i. Kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ tọkọtaya? Ṣé èmi ni mo fún obìnrin náà ní rọpárọsẹ̀? Ó ń fi ìbànújẹ́ rẹ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu mi, gbogbo Nyendo sì mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Síbẹ̀ mo ní, ó dáa, bó bá jẹ́ Nakabugo ni wọ́n fẹ́, màá fún wọn ní Nakabugo.

Sọ́ńdè pé. Ilé kún dẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀, ẹni tí kò tíì wo fíìmù rí pàápàá wá wòran. Hájì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí mi, ó káwọ́ gbera. Bbosa ti wà láàárín bẹ́ńṣì iwájú, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń tu èèpo rẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ mi.

Kẹ̀kẹ́ màlúù yọ. Obìnrin náà la ẹnu. Mo mí kanlẹ̀, mo sì fi ohùn obìnrin sọ ọ́: "Èmi Nakabugo, ọmọ Nyendo, mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí. Bbosa, ọkọ mi àtàtà, olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi mu."

Mo rí Bbosa tó dá ẹ̀pà dúró lẹ́nu. Mo rò pé mo ti mú un.

"Olówó orí ta?"

Ó dìde.

"Olówó orí ta, mo bi ẹ́! Nakabugo kò pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó! Kò pè mí bẹ́ẹ̀ lójú àlùfáà! Ta ló sọ fún ẹ pé kó o fi orúkọ ìyàwó mi sẹ́nu?"

"Bàbá, mo ní kí n—"

"O gbọ́ pé ó kú, o wá fẹ́ fi òkú mi jẹun! Ajẹ̀kú! O sọ Nakabugo di ìyàwó pásítọ̀! Bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó o fi sí i lẹ́nu yìí, á jáde nínú ilẹ̀ wá gbá ẹ létí!" Ó da àwo ẹ̀pà lé mi lórí. "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Hájì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó nà án sí máìkì, ó tiẹ̀ ń fojú bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Èèpo ẹ̀pà wà nínú irun mi. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti rì sínú ẹrẹ̀, ọkùnrin náà ń tì í, obìnrin jókòó sókè, ó tún la ẹnu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Orí mi gbóná. Gbogbo ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ tí mo ti dé Nyendo yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fa máìkì mọ́ra, mo pariwo:

"Bbosa! Ìwọ eléèédú yìí, níbo lo ń lọ? Ta ló ní kó o dìde? O dúró gbọnrangandan láàárín ilé bí òpó iná tí wọn ò fa wáyà sí! Jókòó! Jókòó kí àwọn èèyàn rí ọ̀ọ́kán! Kẹ̀kẹ́ rì, o ò lè yọ ọ́, páànù jò, o ò lè lẹ̀ ẹ́, kí lo lè ṣe gan-an? Ẹnu nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹ! Mo fẹ́ ẹ, mo ń jẹ èédú, mo ń mu èédú, mo bí ọmọ, wọ́n ń hú ikọ́ èédú! Ta ló tún lè fẹ́ ẹ? Yọjú sí mi kó o wò ó, wọ̀bìà, aláìnítìjú, arúgbó tí kò gbọ́n!"

Mo pe àgbàlagbà ní "ìwọ" lójú gbogbo ayé. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi ló ń dùn mọ́ mi. Nígbà tí mo dákẹ́ láti mí, kò sí ìró kan nínú ilé náà, àfi ti màlúù.

Bbosa yí ojú padà díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe èmi ló kọjú sí. Tẹlifíṣọ̀n ni.

"Èmi ni arúgbó?" ló bi obìnrin náà. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti rẹlẹ̀. "Èmi ni wọ̀bìà? Ta ló dá jẹ ẹsẹ̀ àgbò tí àna mi gbé wá?"

"Ẹsẹ̀ àgbò wo?" ni mo dá a lóhùn. Obìnrin inú fíìmù ń nu ojú, mo sọ ọ́ di pé ó ń fi ìka gún un lójú. "Bí mo bá jẹ ẹ́ ńkọ́? Ìwọ lo pa á ni? Ìwọ tó o sá gun igi nígbà tí àgbò náà já okùn!"

"Irọ́! Mo ń wá èso lórí igi!"

"Èso wo ló ń bẹ lórí igi kọfí lóṣù yẹn?"

Ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Àwọn àgbà ti jókòó padà láìmọ̀. Ẹni kan ń lu bẹ́ńṣì, ẹni kan ń sunkún fún ẹ̀rín. Mi ò mọ ohunkóhun nípa àgbò, mi ò mọ̀ bóyá ó gun igi, inú mi ni mo ti ń fa gbogbo rẹ̀ jáde, òun náà sì ń dáhùn bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ó ń na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ń pòṣé. Ojú rẹ̀ tutù fún omijé, kò sì nù ún, ó ń bú Òyìnbó obìnrin yẹn bí ẹni tí wọ́n fún ní oúnjẹ lẹ́yìn ààwẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀, mo sì ń bá a lọ.

Fíìmù kì í dúró de èèyàn. Ibà mú obìnrin náà. Wọ́n dé etí odò, ọkọ rẹ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀, ó tẹ́ aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo èèyàn. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ̀pà. Bbosa jókòó sí etí bẹ́ńṣì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, ó ń wò.

Obìnrin náà la ẹnu. Lédè Òyìnbó, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ilẹ̀ tí kò ní dé. Gbogbo ilé yí ojú sí àpótí mi. Hájì ń wò mí. Bbosa kò wò mí.

Mo wá inú mi, mi ò rí èébú kankan mọ́. Mo ti lò wọ́n tán. Ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kò ju pé ọkùnrin yìí ti sú mi. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó dúdú, èyí tí mo ti ń rí níwájú mi láti ọ̀sán títí wọ́n á fi pa tẹlifíṣọ̀n, lójoojúmọ́, lórí bẹ́ńṣì kan náà. Mo sọ ohun tí mo ti ń fẹ́ sọ fún un láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mi ò pariwo, ó ti rẹ̀ mí.

"Bbosa, kí lo jókòó síbẹ̀ tí ò ń wò mí sí? O ò nílé ni? Dìde níwájú mi, jàre. Máa lọ sílé."

Obìnrin náà pa ojú dé.

Mo ń retí kó mi orí. Mo ń retí kó ní kì í ṣe ìyẹn. Kò mi orí. Ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń lọ.

Ó ti mọ́ bẹ́ńṣì iwájú lára. Bí wọ́n ṣe rí i pé ó dìde, àwọn náà dìde. Bẹ́ńṣì ń han, bàtà ń wọ́ nílẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń na ọrùn láti wo ohun tó ń jó níta. Hájì nawọ́ wá, ó di máìkì mú láti òkè, èmi dì í mú láti ìsàlẹ̀. Mo ní ó ti tán.

Bbosa gbọ́ bàtà wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ó yí padà lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀.

"Níbo lẹ̀ ń lọ? Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ̀yin aláìníṣẹ́! Èmi ni Nakabugo ní kí n máa lọ sílé. Ta ló bá yín sọ̀rọ̀?"